Yanrìn Kò Mọ Ààlà

Bí ẹ bá dé ìlú náà lónìí, tí ẹ béèrè ẹni tó gbà á lẹ́nu òkun, ẹni àkọ́kọ́ tí ẹ bá pàdé ni yóò fi ọwọ́ júwe ilé Bàbá Olókùúta fún yín. Kì í ṣe pé bàbá náà ń ta òkúta, bẹ́ẹ̀ ni kì í fọ́ òkúta. Ẹnjinníà ni, iṣẹ́ ìjọba ló ṣe títí ó fi fẹ̀yìn tì. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ.

Nígbà tó wà ní géńdé, òkun ń jẹ ìlú náà bí eku ṣe ń jẹ aṣọ, díẹ̀díẹ̀, láìpariwo. Lọ́dún kan ó gba ọjà ẹja. Lẹ́yìn rẹ̀ ó gba òpópó tó lọ sí ilé ìwé. Nígbà tó yá, ó dójú kọ ilé ìwé fúnra rẹ̀, àwọn ènìyàn sì ti ń di ẹrù. Bàbá yìí ló ní kí wọ́n má tíì lọ. Ó to òkúta ńláńlá láti etíkun wọ inú omi lọ bí apá tí ènìyàn nà síwájú, apá márùn-ún lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Òkun gbé yanrìn dé bí ìṣe rẹ̀, ó bá apá òkúta pàdé, yanrìn sì dúró. Kò pẹ́ kò jìnnà, ibi tí omi ti ń fọ́ ògiri ilé tẹ́lẹ̀ di etíkun fífẹ̀ tí àwọn àlejò ń wá nasẹ̀ sí. Ìlú sinmi. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí nígbà náà ti ń bímọ báyìí.

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni bàbá náà bí. "Ìyá mi" ló máa ń pè é, nítorí ó ní ó jọ ìyá òun láti irun orí dé ọmọ ìka ẹsẹ̀. Ọmọ náà tẹ̀ lé bàbá rẹ̀ nídìí iṣẹ́. Òun náà di ẹnjinníà ní ilé iṣẹ́ kan náà, nínú yàrá kan náà pàápàá, nídìí fèrèsé tó kọjú sí omi. Ẹnjinníà ni gbogbo ìlú wá ń pè é. Bí àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ bá fẹ́ yìn ín, wọ́n á ní ẹkùn kì í bímọ kó ya ajá. Ó máa ń rẹ́rìn-ín, á sì tún padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Ìpàdé àwọn orílẹ̀-èdè ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n ń pé jọ lórí ojú ọjọ́ tó ń yí padà, lórí ayé tó ń gbóná sí i. Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ èéfín, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ igi, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ òkun kì í pẹ́ lẹ́nu wọn, àfi bí ẹni pé òkun kò sí lára ayé. Lọ́dún tí à ń wí yìí, wọ́n ya yàrá kan sọ́tọ̀ fún òkun àti etíkun, wọ́n sì fi òfin kan lélẹ̀ pé àwọn tó bá jọ ni etíkun kan náà, kí wọ́n jọ gbé ètò wá. Orílẹ̀-èdè tó bá dá wá kò ní rí ìrànwọ́ gbà.

"Ẹ wá pọ̀, tàbí kí ẹ jókòó sílé," ni obìnrin tó ṣe alága wí. Kò rẹ́rìn-ín bó ṣe ń wí i.

Ibẹ̀ ni Ẹnjinníà ti pàdé ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ẹlẹ́rìn-ín. Orílẹ̀-èdè tó bá tiwọn pààlà níhà ìlà-oòrùn ló ti wá. Iṣẹ́ kan náà ni wọ́n jọ ń ṣe. Bí ènìyàn bá wakọ̀ lẹ́bàá etíkun kúrò ní ọ́fíìsì Ẹnjinníà láàárọ̀, kí oòrùn tó mú ó ti dé tọkùnrin náà. Síbẹ̀ wọn kò fojú kan ara wọn rí. Ó di ìgbà tí àwọn méjèèjì wọ bàálù, tí wọ́n fò kọjá òkè àti odò, kí aládùúgbò tó mọ aládùúgbò. Ọkùnrin náà fi ọ̀rọ̀ yìí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, Ẹnjinníà sì rí ìdí tí wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n jókòó sí igun yàrá náà, tó ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ wò ó, Ẹnjinníà. Etíkun wa rèé nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Èyí wá ni tọdún tó kọjá."

Obìnrin náà wo àwòrán méjèèjì. Nínú ti àkọ́kọ́, ilé wà, igi wà, etíkun tẹ́ lọ gbalasa. Nínú ìkejì, omi ló wà.

"Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?" ló béèrè.

Ọkùnrin náà yí kọ̀ǹpútà sí i. Ó fi ìka tọ́ ààlà lójú àwòrán, ó sì fà á sẹ́yìn díẹ̀ sí ìhà orílẹ̀-èdè Ẹnjinníà, síbi tí ìlà dúdú márùn-ún ti yọ wọ inú omi.

"Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn àwọn wọ̀nyí," ló wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mi ò wá jà."

Kì í ṣe pé Ẹnjinníà kò mọ bí yanrìn ṣe ń rìn. Ìwé àkọ́kọ́ tí wọ́n fi kọ́ wọn ló sọ ọ́: ìgbì a máa gbá yanrìn lọ lẹ́bàá etíkun, láti ibì kan dé òmíràn, bí ẹni ń gbálẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bí ẹnìkan bá dá a dúró, ẹni tó wà níwájú kò ní rí gbà. Ó mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó. Ṣùgbọ́n àwòrán ilẹ̀ tó wà lára ògiri ọ́fíìsì wọn, ẹnubodè ló parí sí. Lẹ́yìn ẹnubodè, funfun báláú ni, kò sí ilé, kò sí igi. Gbogbo ọdún tó fi ń wò ó, kò wá sí i lọ́kàn rí pé ènìyàn ń gbé inú funfun yẹn.

Àwọn ọjọ́ tó kù nínú ìpàdé náà, wọn kò fi bẹ́ẹ̀ wọ gbọ̀ngàn mọ́. Wọ́n jókòó ti kọ̀ǹpútà, wọ́n ń pín búrẹ́dì jẹ, wọ́n ń ṣírò. Kí wọ́n tó tú ká, ètò ti délẹ̀. Apá karùn-ún, tó sún mọ́ ààlà jù, yóò kúrò pátápátá. Ìkẹrin yóò kúrú. Ẹ̀rọ yóò sì máa fa yanrìn tó ti dì jọ lọ sí ìhà kejì, kí òkun lè rí nǹkan gbé. Àwọn mínísítà méjèèjì fọwọ́ sí i níwájú gbogbo ayé, wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́, wọ́n ya fọ́tò. Ohun kan ṣoṣo ló kù, ìyẹn ni pé ìlú gbọ́dọ̀ gbà. Ẹni tó bá sì mọ ìlú náà mọ̀ pé bí Bàbá Olókùúta kò bá gbà, ìlú kò gbà nìyẹn.

"Ta ló máa wá sọ fún wọn?" Ẹlẹ́rìn-ín béèrè.

"Ta ni ì bá tún jẹ́?" Ẹnjinníà dáhùn, ó sì pa kọ̀ǹpútà dé.

Ọjọ́ Sátidé ló lọ sí ilé àwọn òbí rẹ̀. Bàbá wà ní pálọ̀, ó ń tún ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù kan tó ti yẹ̀ ṣe, ìṣó wà láàárín ètè rẹ̀. Màmá jókòó sórí àga, ó ń hun súwẹ́tà. Ẹnjinníà kí wọn, ó jókòó, ó sì gba ọ̀nà jíjìn bẹ̀rẹ̀. Ó sọ ti ìpàdé, ó sọ ti bàálù, ó sọ ti òtútù tó mú níbẹ̀.

"Ìyá mi," Bàbá wí láìgbójú sókè, "ó ti pẹ́ tí o ti ń pòòyì ká ọ̀rọ̀ yìí bí ẹni tí kò rí ilẹ̀kùn ilé. Wọlé."

Ó wọlé. Ó sọ ọ́ bó ṣe rí.

Bàbá yọ ìṣó lẹ́nu. "Apá karùn-ún."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Pátápátá."

"Ìkẹrin ńkọ́?"

"Ìdajì ẹ̀."

"Ṣé o mọ̀ pé ẹnu ọ̀nà ilé yìí ni omi dé, kí n tó ri òkúta yẹn mọ́lẹ̀? Orí àga yìí ni màmá ẹ jókòó sí pẹ̀lú oyún ẹ nínú, tó ń gbọ́ bí òkun ṣe ń kanlẹ̀kùn."

"Mo mọ̀, Bàbá. Ẹ ti sọ fún mi."

"Mo sọ fún ẹ, o ò gbọ́."

"Mo gbọ́, sà. Ṣùgbọ́n ìgbà tó kanlẹ̀kùn tí a ò ṣí, ilé ẹlòmíì ló lọ."

Bàbá wo ọmọ rẹ̀, ó wo òòlù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó rọra gbé òòlù náà sílẹ̀.

"Òkúta ni mo tò tí mo fi rán ẹ nílé ìwé," ló wí. "Ìwọ náà lo wá fẹ́ kó o kúrò. Ó dáa."

Ó dìde, ó wọ yàrá lọ, ó ti ilẹ̀kùn jẹ́jẹ́. Ì bá sàn fún Ẹnjinníà ká ní ó gbá a mọ́ òun lójú.

"Fi wọ́n sílẹ̀," Màmá wí. "Bàbá ẹ dà bí ìkòkò irin. Kì í tètè gbóná, kì í sì í tètè tutù."

"Ẹ̀yin náà ńkọ́, Màmá? Kí lẹ rí sí i?"

"Èmi?" Màmá ka ojú òwú kan, ó yí súwẹ́tà padà. "Ọkọ ni mo fẹ́, n ò fẹ́ òkúta."

Láti ọjọ́ náà, bí Ẹnjinníà bá pe fóònù, Màmá ló ń gbé e. Bàbá sùn. Bàbá jáde. Bàbá ń wẹ̀. Ó wẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí Ẹnjinníà fi sọ pé bóyá òkun ti wọ bàlùwẹ̀ ni, Màmá sì rẹ́rìn-ín títí fóònù fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí Ẹnjinníà bá ti gbé fóònù sílẹ̀ tán, ara rẹ̀ kì í yá. Láti kékeré ni òun àti bàbá rẹ̀ ti jọ máa ń sọ̀rọ̀ lórí omi. Kò mọ ẹlòmíràn tí òun lè bá sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan kọjá. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ṣí ilẹ̀kùn láti lọ síbi iṣẹ́, ó sì bá Bàbá tó dúró síwájú ilé rẹ̀ nínú bàtà tó dára jù nínú bàtà rẹ̀.

"Ìwé ìrìnnà mi ló ti kú," Bàbá wí, kò kí i. "Kí n tó fẹ̀yìn tì ló ti kú. Mo ní kí wọ́n ṣe òmíràn, wọ́n sì ń fi òní dọ́la, àná ló ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ìdí tí o ò fi rí mi nìyẹn, kì í ṣe ìbínú." Ó wo bàtà rẹ̀. "Ó dáa, ìbínú náà wà ńbẹ̀. Gbé mi lọ síbi tí o ní ó ti bàjẹ́ yẹn."

Ẹlẹ́rìn-ín ló dúró dè wọ́n lẹ́yìn ẹnubodè. Ó kí Bàbá tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kò sì sọ ẹni tí Bàbá jẹ́ fún àwọn tó wà pẹ̀lú rẹ̀. Wọ́n wakọ̀ títí ọ̀nà fi tán. Kì í ṣe pé wọ́n ti dé ibi tí wọ́n ń lọ o, ọ̀nà ló tán. Ọ̀dà tí wọ́n fi ṣe é já bọ́ sínú omi bí ìgbà tí ènìyàn bá fi eyín já búrẹ́dì.

Wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n fẹsẹ̀ rìn. Igi ti wó, gbòǹgbò wọn kọjú sókè. Ògiri kan ṣì dúró, fèrèsé wà lára rẹ̀, òkun ni wọ́n sì rí nínú fèrèsé náà. Níwájú díẹ̀ ni ohun kan ti dúró ṣánṣán nínú omi bí òpó, ó ga ju ènìyàn lọ. Bàbá wò ó títí.

"Kí nìyẹn?" ló béèrè.

"Kànga ni, Bàbá," Ẹlẹ́rìn-ín dáhùn. "Ilẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ ẹ sí ló ti lọ."

Bàbá sún síwájú díẹ̀. Ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, inú ni ó ti ń wo kànga. Kò rí ẹ̀yìn kànga rí.

Obìnrin kan jáde láti inú ilé pákó kan tó wà lókè, téèpù aránṣọ rọ̀ mọ́ ọn lọ́rùn. Òun ló ni kànga náà, àti ilé tó wà nídìí rẹ̀ tẹ́lẹ̀, àti ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ tó wà níwájú ilé. Ó ní kí wọ́n wọlé kúrò lóòrùn. Ó gbé àga fún Bàbá, ó bu omi fún un.

"Ṣé ẹ̀yin náà ń wá ilẹ̀ rà ni?" ló fi ṣe àwàdà. "Èmi ní ọ̀pọ̀. Àmọ́ ẹ máa ní láti mọ̀ ọ́n wẹ̀."

Bàbá mu omi náà tán, ó gbé ife sílẹ̀.

"Èmi ni mo to àwọn òkúta tó wà ní ìhà kejì," ló wí.

Ẹnjinníà di ọwọ́ àga tó jókòó sí mú. Obìnrin aránṣọ náà wo Bàbá, kò ṣẹ́jú. Ìgbì ń lu ìsàlẹ̀ ilé.

"Òkun ni mo ti ń bínú sí láti ọjọ́ yìí," ló wí. "Ó yà mí lẹ́nu láti rí ẹni tó ní ojú àti imú." Ó yọ téèpù lọ́rùn, ó ká a. "Àwọn ènìyàn tí ẹ tò ó fún, ṣé wọ́n ríbi sùn?"

"Wọ́n ríbi sùn."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ìyẹn dáa." Lẹ́yìn náà ló wá ní, "Ṣùgbọ́n àwa náà ń sùn níbí o, Bàbá."

"Mo ti rí i," Bàbá dáhùn. Kò bẹ̀bẹ̀, obìnrin náà kò sì dárí jì í. Obìnrin náà tún bu omi fún un.

Lójú ọ̀nà ilé, wọ́n kọjá ẹnubodè. Bàbá wá bi ọmọ rẹ̀ bóyá wọ́n ti ṣírò ìgbì àkókò òjò mọ́ ọn. Ẹnjinníà ní wọ́n ti ṣe é. Bàbá ní kó fi han òun. Bí wọ́n ṣe dé ilé, wọ́n kó àwo kúrò lórí tábìlì oúnjẹ, wọ́n tẹ́ àwòrán sí i, ìjà sì bẹ̀rẹ̀, irú ìjà tó máa ń dùn mọ́ àwọn méjèèjì. Bàbá ní kí wọ́n kàn rẹ apá karùn-ún sílẹ̀, kí yanrìn máa gba orí rẹ̀ kọjá. Ẹnjinníà fi han án pé èyí tó máa kọjá kò ní tó nǹkan. Bàbá ní irọ́ ni. Wọ́n pe Ẹlẹ́rìn-ín lórí fóònù, òun náà ṣírò tirẹ̀, ó bọ́ sí ibi tí ti Ẹnjinníà bọ́ sí. Bàbá bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nu ojú.

"Ó dáa," ló wí. "Ó gbọ́dọ̀ kúrò. Ẹ jẹ́ ká mọ bí a ó ṣe yọ ọ́ tí àwọn tó kù ò fi ní mì."

Ìpàdé ìlú wáyé nínú gbọ̀ngàn ilé ìwé, ilé ìwé tí òkun fẹ́ gbà nígbà kan. Ọkùnrin tó ni òtẹ́ẹ̀lì etíkun ló kọ́kọ́ dìde. Ọ̀rẹ́ Bàbá ni, àwọn méjèèjì ló jọ máa ń ta dráàfù.

"Bí etíkun mi bá dín kù," ló wí, "kí ni àlejò ó máa wá wò? Ṣé ojú mi ni?"

"Wọ́n á tètè sá lọ!" ẹnìkan kígbe lẹ́yìn, gbogbo ènìyàn sì rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́, nítorí ẹ̀rù ń bà wọ́n. Àwọn àgbà inú wọn ṣì rántí ẹrù dídì. Bàbá dìde. Kò lọ síwájú, ibi tó jókòó sí náà ló ti sọ̀rọ̀.

"Mo rò pé mo lé òkun lọ ni. Kò lọ. Ó kàn yà sí ilé kejì. Mo ti dé ilé kejì yẹn, wọ́n fún mi lómi mu. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bó ṣe rí, ẹ lọ wò ó, ọkọ̀ á gbé yín." Ó yíjú sí ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Ohun mìíràn rèé. Àwọn tó wà ní ìwọ̀-oòrùn wa ti wá wo òkúta wa, wọ́n ní ó dára, àwọn náà fẹ́ tò ó. Ọ̀dọ̀ wọn ni yanrìn ti ń bọ̀ wá bá wa. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá dá a dúró, ẹnu wo la fẹ́ fi bẹ̀ wọ́n?"

Kò sí ẹni tó ti rò ó débẹ̀. Nígbà tí wọ́n ní kí àwọn tó bá gbà nawọ́, ọwọ́ tó pọ̀ jù ló gòkè. Oní-òtẹ́ẹ̀lì kò na tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò jáde.

Lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, Bàbá gbé àga lọ sí etíkun. Kò pàṣẹ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ẹ̀rọ gbé òkúta àkọ́kọ́ jáde, ewédò rọ̀ mọ́ ọn bí irùngbọ̀n, omi ń ro tótó lára rẹ̀.

"Ó ti darúgbó," ló sọ fún Màmá tó dúró tì í.

"Ta ni kò darúgbó?" Màmá dáhùn, ó sì fi ọwọ́ lé e léjìká.

Kò rọrùn tó bí wọ́n ṣe rò. Lákòókò òjò àkọ́kọ́, òkun gba àtẹ̀gùn òtẹ́ẹ̀lì àti agbòòrùn méjì. Oní-òtẹ́ẹ̀lì wá sí ilé Bàbá, ó jágbe, ó ní òun kò ta dráàfù mọ́ láyé. Ẹnjinníà àti Ẹlẹ́rìn-ín jọ lọ wo ẹ̀rọ, wọ́n rí i pé ó ń fa yanrìn ju bó ṣe yẹ lọ lásìkò tí ìgbì le. Wọ́n dín in kù. Àwọn olùyẹ̀wò tí ìpàdé àwọn orílẹ̀-èdè rán wá fọwọ́ sí àyípadà náà, etíkun sì dúró níbi tó dúró sí, ó kéré díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nígbà tó yá, oní-òtẹ́ẹ̀lì padà wá pẹ̀lú dráàfù lábẹ́ apá, kò sọ nǹkan kan, Bàbá náà kò béèrè.

Ní ìhà kejì, yanrìn kọ́kọ́ yọ bí okùn tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́bàá omi. Kò jẹ́ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n kò lọ mọ́. Ó fẹ̀ díẹ̀, ó tún fẹ̀ díẹ̀, títí ènìyàn fi lè rìn lórí rẹ̀ láìká ṣòkòtò sókè. Ilẹ̀ tó ti lọ kò padà, aránṣọ náà sì kó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wọ inú ìlú. Ẹnjinníà kò tan ẹnikẹ́ni. Ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá bi í pé òkun ṣì ń ga, àti pé iṣẹ́ yìí kò lè tán.

Nígbà tí ìpàdé àwọn orílẹ̀-èdè tún dé, wọ́n ní kí òun àti Ẹlẹ́rìn-ín wá sọ bó ṣe rí. Wọ́n sọ ọ́, wọ́n sọ ti àtẹ̀gùn òtẹ́ẹ̀lì mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà, ọkùnrin kan àti obìnrin kan wá bá wọn, láti orílẹ̀-èdè méjì tó pààlà létí òkun mìíràn. Wọn kò wo ara wọn lójú. Ọkùnrin náà jókòó sí ìkángun tábìlì lọ́hùn-ún, obìnrin náà jókòó sí ìkángun kejì pátápátá, fáìlì rẹ̀ wà láyà rẹ̀ bí asà.

"Ibo la ti máa bẹ̀rẹ̀?" obìnrin náà béèrè.

Ẹnjinníà wo Ẹlẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ti ń yọ lẹ́nu ìyẹn.

"Ẹ kọ́kọ́ gbé àga yín súnmọ́ra ná," Ẹnjinníà wí. "Ẹ̀yin méjèèjì."